Ọmọdé Inú Àwo

Ẹ bá mi bi ọkọ mi léèrè, ṣé èmi ni mo ní kó má ta jìtá níta? Àwọn ẹbí rẹ̀ gbà pé èmi ni. Wọ́n ní ìyàwó alágbàfọ̀ tó ń fi áyọ́ọ̀nù halẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ ni mí. Irọ́ ni! Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló fà á, ọdún mọ́kànlá gbáko.

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Yàrá kan la jọ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, èyí tí mo fi ń lọ aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbé aago wọlé, kò ní í kọ́kọ́ tú u. Á gbé e sétí, á ní, "Èyí ń fi ìṣẹ́jú méjì sáré lójúmọ́." Kì í ṣì í. Etí rẹ̀ mú débi pé bí mo bá rọra ṣépè fún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí ò mọ́, ó ti gbọ́.

Ọ̀gá kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fún un ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan, pẹ̀lú àwo kan tí kò ní páálí, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Orin jáàsì ni, tí wọ́n po mọ́ rọ́ọ̀kì, jìtá ló sì ṣe olórí. Ẹ gbà mí o! Orin kẹta ló burú jù. Jìtá á gbéra, dùùrù á lé e, ìlù á lé àwọn méjèèjì, á wá di bó ò lọ o yà mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sáré yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Mo rò pé nǹkan fẹ́ bú gbàmù ni.

Ní ìparí àwo, ẹni tó ń ta jìtá náà á sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń dúpẹ́, ohùn rẹ̀ á sì dún tín-ín-rín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ọkọ mi káwọ́ lérí. "Ìyá ọmọ mi, ọmọdé ni! Ọmọdé ló ń ṣe báyìí!"

Ló bá lọ ra jìtá. Bó bá ti pa aago tì nírọ̀lẹ́, ó di kó máa lé ọmọdé yẹn kiri. Kí ohùn jìtá rẹ̀ lè bá ti inú àwo mu, á fa okùn rẹ̀ le títí á fi já. Ọ̀kan já lọ́jọ́ kan, ó fò sínú ìkòkò ọbẹ̀ mi. A yọ ọ́, a jẹ ọbẹ̀ wa. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kó wá ta á níbì kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Mi ò tíì bá a. Ojú á tì mí."

Mo ní, "Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Ó ní, "Èyí láṣọ, ó tún lákìísà."

Nígbà tí ọmọ wa obìnrin fẹ́ relé ọkọ, ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀. "Dádì, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ra nǹkan kan fún mi. Ẹ ṣáà ta jìtá lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì bá a."

Ọmọ bú sẹ́kún. Inú bí mi, mo fi áyọ́ọ̀nù lélẹ̀. "Ọmọdé inú àwo lẹ wá ń tìtorí ẹ̀ pa ọmọ inú ilé lẹ́kún?" Ìdí aago ló padà sí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbéyàwó pé, ẹ̀rọ náà kọṣẹ́. Àfẹ́sọ́nà ọmọ wa, tó ń tún rédíò ṣe, ní kóun bá wọn wò ó. Ó tú u, ó nù ún, ó pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ó wá rí irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ìpáta ti mú mọ́lẹ̀. Ó kán epo sí i, ó sún un síbi tó yẹ, ó gbé àwo lé e.

Jìtá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń rìn o! Ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó jẹun yó. Ọkọ mi fò dìde. "O ti bà á jẹ́! Ọdún mọ́kànlá! Ẹni tó bá ba àwo mi jẹ́ kò ní fẹ́ ọmọ mi!"

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kò dáa. Ó ń sáré jù ni. Irin yìí ló ń pinnu bí àwo ṣe ń yára yí sí."

"Sáré? Nínú ilé èmi aláago?"

Ọkọ mi gbé aago tó dáa jù sójú tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sétí àwo, ó ka iye ìgbà tó yí po ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Ó wo bébà àárín àwo: ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, tó ti ń rò pé nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni. Ó ní kí ọmọ náà dá irin padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó tún kà á. Márùndínláàádọ́ta! Ẹni tó ń gbọ́ ìṣẹ́jú méjì nínú aago ẹlòmíì! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Wọ́n tún irin ṣe, wọ́n jẹ́ kí àwo máa lọ. Ìgbà tí orin kẹta dé ni mo tó gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé béèsì kan wà nísàlẹ̀ tó ń rọra sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé jìtá àti dùùrù ò lé ara wọn rárá, pé bí ọ̀kan bá sọ tiẹ̀ tán, èkejì á dá a lóhùn. Níbì kan, jìtá fa ohùn kan ṣoṣo gùn títí, ara mi ṣe gììrì. Ó dùn. Mo jẹ́wọ́, ó dùn gan-an. Nígbà tí ẹni náà wá dúpẹ́ ní ìparí, ohùn àgbàlagbà ni, ohùn ẹni tó ti lọ́mọ-ọmọ.

"Àgbà ni," ọkọ mi wí jẹ́ẹ́. "Ẹgbẹ́ mi ni."

Ó mú jìtá, ó dẹ okùn rẹ̀ títí ó fi bá ti àwo mu, ó ní ká gbé abẹ́rẹ́ padà sórí orin kẹta. Wọ́n jọ gbéra. Kò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé ó ti ṣìnà ni. Kò ṣìnà. Ó ń dúró de ọkùnrin inú àwo ni, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ṣé ẹ ti bá a?"

"Mo ti kọjá ẹ̀ tipẹ́, ọmọ mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn ni."

Ó ta á lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọmọ wa ò jókòó títí ó fi tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ìyàwó wa, o wá gbà fún un lónìí?"

Mo nu ojú mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti tú u sílẹ̀."