Ìlà Kan Nínú Oríkì Ilé Wa

Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi obìnrin sí Turin, kò sí àárọ̀ tí a gbàdúrà tán tí mi ò ní fi oríkì ilé bàbá mi kì í kó tó jáde. Ṣebí bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nìyẹn. Á ní, "Mamma, faccio tardi," pé òun ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi parí.

Ìyá ará Kúbà kan ń gbé òkè wa ní Barriera di Milano, àdúgbò wa ní Turin. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì bá mi tọ́ ọmọ yìí nígbà tí turno mi, àkókò iṣẹ́ mi, bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní ẹlòmíràn ní ìlú yìí tí mo lè pè ní ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ, inú oko ìrèké àwọn ará Sípéènì ni wọ́n sì kú sí.

Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ ṣe ìdánwò terza media, tí wọ́n fi ń jáde ní girama kékeré, Kúbà ló yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó kà nípa bí wọ́n ṣe dá ẹrú sílẹ̀ tán, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìrèké náà ló tún kù fún wọn.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ìyá náà ń mu kọfí ní kíṣìnì wa. Mo ń ki ọmọ mi lọ nígbà tí ọmọ náà dá mi dúró, ó ní kí ni ìtumọ̀ ìlà yẹn: ọmọ a-fi-ènìyàn-ra-ìbọn-létí-òkun. Ó ti kàwé, ó ti mọ etí òkun tó jẹ́.

Mo lè purọ́. Mo wo ìyá yìí, ẹ̀rù bà mí pé n ó pàdánù wọn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo sọ ọ́ lédè Italian kí àwọn méjèèjì lè gbọ́: àwọn baba ńlá mi kó ènìyàn lójú ogun, wọ́n tà wọ́n fún òyìnbó, wọ́n sì fi ìbọn tí wọ́n gbà yangàn títí ó fi di oríkì. Èmi náà sì ti ń bá wọn yangàn láti kékeré. Ojú tì mí.

Ìyá náà gbé ife kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ sókè. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn ò fi kan ilẹ̀kùn wa. Níbi iṣẹ́, "buongiorno", ẹ káàárọ̀, ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, a gbàdúrà tán, mi ò ki oríkì kankan. Mo ní kí ọmọ máa lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ibẹ̀ la wà tí ìyá náà fi sọ̀kalẹ̀ wá, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn.

"Mi ò gbọ́ ohùn rẹ lókè. Kí ló dé tí o ò ki ọmọ? Kì í. Má sì fo ìlà yẹn."

Mo kì í, mi ò fo nǹkan kan. Ọmọ mi dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sáré lọ bá bọ́ọ̀sì.

Ìyá náà ò lọ. Wọ́n ní inú ṣì ń bí àwọn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ohun tí wọ́n ń fi ń kì yín láàárọ̀. Tiwa bọ́ sómi. Ki èmi náà."

Mi ò mọ oríkì ilé bàbá wọn. Orúkọ oríkì ìyá ìyá mi, tí mo ti ń tọ́jú de ọmọ-ọmọ mi, ni mo fún wọn. Mo kúnlẹ̀, torí àgbà ni wọ́n, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ń pè é tẹ̀ lé mi títí ó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti ki ọmọ mi tán láàárọ̀, mo máa ń gbójú sókè síbi àtẹ̀gùn, n ó sì pe orúkọ náà. Wọ́n máa ń dáhùn.