Okùn Tí Mo Dì Mú Fún Àbúrò Mi

Ní nǹkan bí ọdún 1998 ni àbúrò mi obìnrin sọ fún mi pé òun fẹ́ padà gun àpáta tó pa ọ̀rẹ́ òun.

Àpáta náà wà lápá ọ̀nà Ìgèdè, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti máa ń lọ gbàdúrà lọ́jọ́ kejì Àjíǹde. Ọ̀nà tó rọrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òun làwọn àgbà ń gbà. Ní ọdún méjì ṣáájú, àbúrò mi ló ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ káwọn méjèèjì gba iwájú, kí wọ́n lè ṣáájú àwọn tó kù dé òkè. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀ lórí pèpéle kékeré kan tó wà láàárín àpáta, ó sì já bọ́. Kò yè é. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi kì í fẹ́ kí a dárúkọ ọmọ náà nínú ilé.

"Bọ̀dá mi, mo fẹ́ dé ibi tó dúró sí kẹ́yìn," ó ní. "Tẹ́ ẹ ò bá bá mi lọ, màá dá lọ."

Mo mọ̀ pé yóò dá lọ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ ọkùnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn Ọjà Ọba lọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fífọ́ òkúta, níbi tí wọ́n ti máa ń fi okùn so òṣìṣẹ́ rọ̀ sára àpáta kó lè lu ihò sí i. Okùn àti àwọn bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ara mọ́ okùn ṣì wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó fa àpò náà jáde.

"Tíṣà, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò ṣeé gùn lọ́jọ́ náà, a ò ní í jiyàn."

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo parọ́ fún ìyá wa pé àdúgbò Fájuyì láàárín ìlú là ń lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwa méjèèjì àti bàbá olókùn náà gbà dé orí àpáta. Igi kan wà létí ibẹ̀ tí mo rò pé yóò tó. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ tì í, gbòǹgbò rẹ̀ mì nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Èyí ò lè gbé ewúrẹ́."

Ó rìn sẹ́yìn títí ó fi rí igi ńlá kan, àti òkúta kan tó tóbi bíi mọ́tò. Ó so okùn kan mọ́ igi, ó so òmíràn mọ́ òkúta, pé bí ọ̀kan bá já, èkejì yóò gbé ẹni tó ń gùn. Ó kó wọn pọ̀ sójú kan, ó fi ìkọ́ irin méjì kọ́ wọn, ó sì yí ẹnu àwọn ìkọ́ náà pa. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì sétí àpáta kí òkúta má baà gé okùn. Lẹ́yìn náà ló fi okùn gígùn kọ́ inú ìkọ́, ó ju orí rẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀.

A gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ padà wá sí ìdí àpáta níwájú. Orí okùn kan jẹ́ ti àbúrò mi, èkejì jẹ́ tèmi. Bàbá náà so irin kékeré kan tó ń há okùn mọ́ bẹ́líìtì mi, ó sì ki okùn tèmi bọ inú rẹ̀.

"Bó ṣe ń gòkè, máa fa okùn tó bá dẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ò gbọdọ̀ kúrò lára okùn. Bí eṣinṣin bà lé ọ lójú, jẹ́ kó jókòó síbẹ̀."

Mo di okùn mọ́ bẹ́líìtì àbúrò mi bí bàbá náà ṣe kọ́ mi: kókó tó dà bíi 8, tí okùn yóò sì tún tọ ipa ara rẹ̀ padà. Bí mo ṣe ń dì í lọ́wọ́ ni àbúrò mi bi mí bóyá ìyá wa yóò bínú. Mo dá a lóhùn, mo wá sọ fún Bàbá pé a ti ṣe tán.

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni mo dì í, sà."

"Mi ò bèèrè ẹni tó dì í."

Ó di kókó náà mú, ó fà á. Okùn tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò tíì dá a padà tọ ipa rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ gbà mí lọ́kàn. Àbúrò mi wo okùn, ó sì wò mí. Mo rò pé Bàbá yóò bú mi.

"Bí ọ̀gá tèmi ṣe kú nìyẹn," ó ní. "Ó ti ń di kókó fún ogún ọdún. Tún un dì."

Mo tún un dì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ bẹ́líìtì wa wò, ó sì ní kí àbúrò mi náà yẹ tèmi wò.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta. Ó ku díẹ̀ kó dé pèpéle tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti já bọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, okùn sì fà mí síwájú títí mo fi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi ò kúrò. Ó rọ̀ síbẹ̀, ó ń mì.

"Ṣé kí n sọ̀ ẹ́ kalẹ̀?" mo kígbe.

"Rárá! Ẹ dì mí mú!"

Ó dé orí pèpéle, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. A gbọ́ tó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ léraléra, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti yàrá kejì. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò lè nù ún.

Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ibẹ̀ kéré. Gbogbo ìgbà ni mo ń rò pé ó yẹ kí n ti dúró tì í. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbà."

Nírọ̀lẹ́ a jẹ́wọ́ fún ìyá wa. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ó ní. "Ǹ bá bá yín dé ìdí àpáta."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àbúrò mi lọ sílé àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó títí.

"Wọlé wá," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"