Yàrá Tí Kò Ní Fèrèsé

Àwọn ọmọ mi fẹ́ kó gbogbo wa lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Wọ́n ti yan ọkọ̀, ó ku yàrá. Àbíkẹ́yìn mi na fóònù sí mi: "Màmá, èyí ní fèrèsé, èyí ò ní. Èwo lẹ fẹ́?"

Mo wo èyí tí kò ní fèrèsé, òórùn epo ẹ́ńjìnnì sì gba imú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi ń kó èmi àti àbúrò mi bọ̀ láti ọsibítù l'Ékòó, à ń wọkọ̀ ojú omi padà sí Ẹ̀pẹ́. Ààyè wà lókè, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ló yàn. Mo di ẹsẹ̀ àbúrò mi mú. Ó tutù nínú gbogbo ooru yẹn.

Ọlọ́kọ̀ yọjú: "Ìyá ọmọ, àbí ẹ fẹ́ sè é ni?"

"Ó ń sùn ni," ìyá mi fèsì.

Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ kì í gbé òkú, ilé ni ìyá mi sì fẹ́ sin ọmọ rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ náà, ó ní kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sí àbúrò mi. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fẹ́ ẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má bàa jí.