Láti Mọ́síkò dé Kútọ́nù

Fúnláyọ̀, akọ̀wé ní búrò ìjọba ní Ifangni, kì í purọ́. Láyé ìjọba ológun Rẹfolúṣọ̀n yẹn, tí kálukú ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀, ohun tó bá rí ló ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, àṣà ilé ló sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀, Jósẹ́fù, kú, ó sáré lọ sí ilé pọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ láti fi tẹlifóònù pe Raphaël, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Mọ́síkò. Ta ní í túfọ̀ bàbá fún ọmọ tó wà lájò? Kò sẹ́ni tó ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara Bàbá ò yá díẹ̀. Ẹ wá kí wọn." Raphaël ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì lòun máa wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Òun ni àkọ́bí. Nínú ìdílé wọn, àkọ́bí tí kò bá da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sórí pósí bàbá rẹ̀, títí ayé ni wọ́n á máa fi bú u. Ilé ìgbókùúsí ò sì sí nítòsí. Yìnyín tí wọ́n ń rà láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n tò yí òkú ká, ooru sì ń yọ́ yìnyín náà láìdáwọ́ dúró.

Victorin, olùkọ́ ilé ìwé, na òwú sórí máàpù láti wọn ọ̀nà náà. "Kámáráàdì Fúnláyọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kìlómítà lé díẹ̀ ni. Wákàtí mẹ́jọ péré, c'est tout, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Kílẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, ẹ̀gbọ́n yín á ti dé Kútọ́nù." Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Wọ́n gbẹ́ sàréè sí ẹ̀yìnkùlé.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣú, Raphaël ò dé. Ní Sátidé, Fúnláyọ̀ dúró létí títì láti ìdájí. Bí tasí bá ti yọ lọ́nà Àjàṣẹ́, á na ọrùn wò ó. Gbogbo wọn ló ń kọjá lọ. Ẹ̀rù bà á. Ó bínú sí Victorin àti òwú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Bàbá Ifáṣínà, àbúrò olóògbé, wá bá a. Wọ́n fi aṣọ bo imú.

"Fúnláyọ̀, ó ti tó. Yìnyín ti tán, òórùn ti gba ilé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

"Bàbá rẹ là ń dójú tì yìí. Ìwọ lo tẹ̀ lé Raphaël nínú àwọn ọmọ. Wá da erùpẹ̀ náà."

Ó da á. Ìdajì erùpẹ̀ náà dà sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ṣì wà tí tasí kan fi dúró níwájú ilé. Fúnláyọ̀ sáré jáde. Raphaël ló ń bọ́ sílẹ̀, ó gbé páálí kékeré kan mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Fúnláyọ̀! O ní kò le púpọ̀, ni mo bá gba Paríì, mo sùn síbẹ̀ kí n lè rí oògùn gidi rà fún wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n á máa lò ó o. Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Fúnláyọ̀ kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ilé jáde wá bá wọn, pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.