Ta Ló Borí ní Kírìjì?

Láyé ìjọba ológun, mo ń kọ́ ọmọbìnrin kan ní ìtàn ní Àpápá GRA. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀. Èmi, ọmọ Èkìtì ni mí, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ìlú mi nílé náà títí a fi dórí ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtì bára wọn jà.

Ní Ajégúnlẹ̀ tí mò ń gbé, mo ní awakọ̀ tírélà kan tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí ọ̀rọ̀ mi ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á pariwo mọ́ mi: "Tíṣà, dat your book dey lie jàre!" Èmi náà á pariwo padà, a ó rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ní GRA, ẹnikẹ́ni kì í já bàbá onílé ní koro. Bí mo ṣe lẹ́nu tó, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń fi í sí.

Ọmọ náà ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò ìtàn. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un ló kọ síbẹ̀: pé Ìbàdàn ló borí. Bàbá sì ti búra pé tó bá tún fìdí rẹmi, iṣẹ́ taipu ló máa lọ kọ́, ọ̀rọ̀ yunifásítì parí nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, mo ba ayé ọmọ jẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo pe àgbàlagbà lónírọ́ nínú pálọ̀ rẹ̀.

Bàbá jókòó tì wá, ó ń bó ọsàn.

"Tíṣà, ta ló borí?"

Ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi pé ẹ̀rù ń bà mí.

"Ẹ má bínú, sà. Kò sẹ́ni tó borí. Wọ́n jà títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n wá tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà."

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Èkìtì, sà."

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Ní ọkàn mi, mo ti kó ìwé mi, mo ti dé Creek Road lọ́nà ilé. Omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà.

"Bàbá tó bí bàbá mi ò bọ̀ láti ogun yẹn," ni bàbá wí. "Pé a borí ni wọ́n fi tu ìyàwó rẹ̀ nínú. Kí ló wá kú fún?"



"Tiwa náà ò bọ̀, sà."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sọ́mọ rẹ̀.

"Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Dádì, ṣé kí n kọ ti bàbá tó bí bàbá yín náà?"

"Rárá," ló wí. "Wọn ò ní bi ọ́ nípa ìyẹn."