Tábìlì Kan Láàrin Èmi àti Ọ̀gá Mi

Ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ l'Ábùjá ló pè mí lórí fóònù. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Sàngó n'Ílọrin, mo ń to àgékù aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tó sọ ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí owó epo ti tún lọ sókè.

"Màmá, owó tábìlì ti lé sí i o. Ìlọ́po méjì ti èṣí ni."

"Ìlọ́po méjì kẹ̀? Ṣé wúrà ni wọ́n fi kan tábìlì ọ̀hún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kúbùsù àgékù ni mò ń rán. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí máa ń pè é ní aṣọ alábùlẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ìṣẹ́ ló ń mú èèyàn fi àbùlẹ̀ sáṣọ, ọgbọ́n ló ń mú èèyàn rán kúbùsù àgékù. A ó gba àgékù lọ́wọ́ àwọn télọ̀, a ó gé wọn dọ́gba, a ó rán wọn pọ̀ di ojú aṣọ kan, a ó tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, a ó sì fi aṣọ mìíràn bo ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A ó fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, ní ìlà ní ìlà, kí òwú má baà ṣù sójú kan. Bí gígún náà bá dára, kúbùsù á tẹ́jú bí omi inú àwo. Bí kò bá dára, á wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà sùn.

Àwọn tó ń ra irú rẹ̀ kò pọ̀ n'Ílọrin. Wọ́n á ní kí ló dé tí àwọn yóò fi ra àgékù nígbà tí kúbùsù òyìnbó wà lọ́jà. Ìpàtẹ Àbùjá ni mo ti ń rí àwọn oníbàárà tó ń gbé mi ró títí ọdún á fi yípo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ, àbúrò mi wà ní Nyanya, mo ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, owó ọkọ̀ kò sì ju ohun tí èèyàn lè yọ lápò láìronú. Owó ilé ti lé àbúrò mi jìnnà sí ìlú báyìí. Ọkọ̀ wọ́n, ibùsùn wọ́n, kódà omi inú gbọ̀ngàn ìpàtẹ wọ́n ju ti ìta lọ. Bí mi ò bá lọ, mi ò ní rí iṣẹ́. Bí mo bá lọ, ìrìn àjò á jẹ èrè iṣẹ́ náà tán.

Ọmọbìnrin náà ṣì wà lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, ẹ lè dá tábìlì pọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì. Ará Ìlọrin kan ti ní òun ń wá ẹni tí àwọn yóò jọ san án. Hàjíyà Rékíyà ni, ní Gàmbàrí."

Mo ní kó tún orúkọ náà pè.

Hàjíyà Rékíyà ló kọ́ mi níṣẹ́. Bàbá rẹ̀ àgbà ló máa ń rán aṣọ olówùú tí wọ́n ń dà bo ẹṣin nígbà ọdún, òun sì gbé ọgbọ́n náà sórí ibùsùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti di èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba òmìnira, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ìyá ìyàwó kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ tọ̀ mí wá. Mo ní kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ó ní Sàngó ló sún mọ́ òun. Hàjíyà ní mo jí oníbàárà òun gbé. Kò wá síbi ayẹyẹ wòlímọ̀ ọmọ mi. Mo kí i lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú mi, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà ni.

Mo lọ bá a ní Gàmbàrí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé agboolé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Sàlámá ni ọ́," ni ó wí, bí ẹni pé ohùn mi ló fi dá mi mọ̀.

"Èmi ni, Hàjíyà. Wọ́n ní ẹ ń wá ẹni tí ẹ jọ máa dá tábìlì."

"Owó ló mú un wá, kì í ṣe ìfẹ́. Tábìlì kan, ẹ̀gbẹ́ méjì. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ kan tèmi."

"Ẹ ṣeun, Hàjíyà."

"Má dúpẹ́. Ìwọ náà ń sanwó."

Níbùdókọ̀, awakọ̀ wo ẹrù wa, ó ní ẹrù náà yóò san owó ìjókòó. Hàjíyà ní, "Ṣé ó máa jẹun lọ́nà ni?" Awakọ̀ ní kò ní jẹun, àmọ́ á jókòó. A bá gbé ẹrù lé itan. Ó ga débi pé èmi ò rí ojú Hàjíyà, òun náà ò rí tèmi, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Jẹ́bà, ọ̀nà burú, igbó dí lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé. Tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ètè ń mì. Mo gbọ́ ohùn Hàjíyà lódìkejì ẹrù, ó ń ṣàdúà, mo sì gbọ́ tó dárúkọ mi mọ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, ó padà di ẹni tí mo mọ̀. Ó fa okùn funfun kan sáàrin tábìlì láti fi pín in. Okùn náà wọ́, ó ya wá sọ́dọ̀ mi, ó sì gba ibi tó dára jù lọ nínú ilẹ̀ tèmi.

"Hàjíyà, ìlà yín ti yà."

"Bó ṣe yẹ kó rí ló rí."

Mo gbé inú bínú. Mo ní obìnrin yìí ń rẹ́ mi jẹ lójú ara mi, nínú ohun tí mo fowó mi san. Àwọn èèyàn ń rọ́ wá, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ wa, wọ́n ń bi wá ní iye tó jẹ́, wọ́n sì ń lọ. Gbogbo ẹni tó bá fẹsẹ̀ dúró, èmi àti ọ̀gá mi á jọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, oníbàárà á sá.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan dúró síwájú Hàjíyà. Ó ní ọmọ Ọ̀fà ni òun, òun ní ilé àlejò níbẹ̀ l'Ábùjá, òun sì ń wá kúbùsù fún gbogbo yàrá. Kúbùsù tó mú dání ni èyí tí Hàjíyà rán ní àwòrán aṣọ ẹṣin bàbá rẹ̀ àgbà. Kò sí ohun tó lẹ́wà tó o nínú gbọ̀ngàn yẹn, títí kan tèmi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rán díẹ̀ kí n rí i. Ẹnìkan ta ti ẹ̀rọ fún mi léṣìí, ó ní ọwọ́ lòun fi rán an."

Hàjíyà mú abẹ́rẹ́. Ó fi itọ́ rin òwú, ó nà án, òwú gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ó tún nà án. Àwọn èèyàn ti ń dúró wò. Òwú tún gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó wo kúbùsù tèmi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu báyìí, iṣẹ́ yẹn di tèmi. Mi ò lè là á. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tèmi, mo rọra tì í kọjá ìlà.

Hàjíyà tì í padà. "Mi ò bẹ̀ ọ́," ni ó wí, gbogbo wọn sì gbọ́.

"Màá padà wá, mà," ni obìnrin náà wí, ó sì lọ. Gbogbo oníṣòwò ló mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Nígbà tí a kírun àsàrí tán lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Hàjíyà, kí ni mo ṣe fún yín? A ti pàdánù iṣẹ́ tó lè san owó tí a fi wá!"

"Ìwọ lo fi mí hàn! Wọ́n á ní ọmọ tí mo kọ́ ló ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi."

"Ṣé ẹ ò ríran ni?"

"Nǹkan ti bo ẹyin ojú méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rán nǹkan gbẹ̀yìn. Àwọn tí mo kó wá yìí, èyí tó kù nínú àpótí ni. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí wọn kí owó tó sọ gbogbo ìrìn yìí di ti àwọn olówó. Ìlà tí o ní ó yà yẹn, mi ò mọ̀ pé ó yà."

Ìbínú mi lọ sílẹ̀, ó ku ìtìjú àti àánú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò já a gbà.

Obìnrin ọmọ Ọ̀fà náà padà wá lóòótọ́ lọ́jọ́ tí à ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ti yí gbogbo gbọ̀ngàn ká, ti ẹ̀rọ ló ń rí. Mo jókòó, mo rán ìlà kan níwájú rẹ̀. Ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó pe iye kan. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ ń ká mi lára. Mo fẹ́ sọ pé ó dáa.

"Sàlámá, má dáhùn," ni Hàjíyà wí láti orí àga rẹ̀. Ó kọjú sí ibi tí ohùn obìnrin náà ti wá. "Ọmọ mi, òwú lo ń rà ni àbí ọwọ́?"

"Ta ni yóò rán an, mà? Ẹ̀yin ni?"

"Òun ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, mi ò sì kọ́ ẹlòmíì tó dára tó o."

N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ná a títí tí àwọn tó ń pa iná gbọ̀ngàn fi ń wò wá. Obìnrin náà ní àwọn ará Ìlọrin le. Hàjíyà ní ará Ọ̀fà ló kọ́ àwọn. Níkẹyìn, obìnrin náà fi kún un dáadáa, ó sì san àsansílẹ̀. Hàjíyà tún ní ó ku ohun kan.

"Ìlọrin ni wàá ti wá kó o. A ò tún ní gbẹ́rù wá. Owó tí a bá fẹ́ fi gbé e wá, inú òwú la máa fi sí."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mo ń rán an ní Sàngó, mo sì ń gbé àgékù lọ sí Gàmbàrí, ó ń fi ọwọ́ pa á, ó ń yọ èyí tó fẹ́lẹ́ jù àti èyí tí fífọ̀ yóò mú kó sún kì. Mo fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú àsansílẹ̀. Ó ní owó ẹnu tí òun fi dúnàádúrà ni òun gbà, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìpàtẹ ti tún pè lọ́dún yìí. Owó tábìlì ti tún lọ sókè. A ò lọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí obìnrin náà máa wá kó kúbùsù, Hàjíyà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọwọ́ ni mo fi ń wò wọ́n látẹ̀yìn wá. Jẹ́ n fi ojú wò wọ́n."

Mo ń tẹ́ wọn síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wò, ó ń yí wọn dà, ó ń gbé wọn sápá kan. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ tó ń ka hánńtù orí wàláà níwájú Alfa. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró. Ó fi ìka tọ igun rẹ̀.

"Tú u."

"Hàjíyà, ọ̀la ló ń bọ̀!"

"Ṣé ọ̀la ti dé ni?"

Mo wo igun náà. Ìlà kan ti tẹ̀ díẹ̀, èmi tí mo rán an ò rí i. Mo mú abẹ́, mo jókòó. Ó fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ mi, ó mú abẹ́ tirẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, òun bẹ̀rẹ̀ láti òsì.