Ọkọ̀ Pupa Tí Kàmọ́rù Díye Lé

Ó ti lé lógún ọdún báyìí tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n ta wàhálà fún òun, ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù ló ń lọ. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe títún ọkọ̀ ṣe ló sọ ọ́ di olókìkí. Ojú ló ní. Á yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, á fi ìka gbá ara ilẹ̀kùn kó lè gbọ́ bí irin ṣe dún, á dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, á gbóòórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀. Bó bá dìde, á ní, "Ọkọ̀ yìí ti forí gbá nǹkan rí, wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó ni. Ẹ má rà á ju iye báyìí lọ." Iye tó bá pè náà ni ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà máa ń gbà. Kàmọ́rù kì í purọ́ ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ ọ́, a sì máa fi yangàn díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Tíṣà fi ránṣẹ́ pè é lọ́dún 2022.

Mọ́ṣádé lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Ìbẹ̀fun. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Kàmọ́rù sì wà lára àwọn tó kọ́ ní ìwé kíkà. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn, tó ń bá ìjọba wọn ilẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ti kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú. Bí ọkùnrin náà ṣe jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó, ó ní ìfẹ́ kan tó ń ya gbogbo ìlú lẹ́nu: Bẹ́ńsì pupa kan, onílẹ̀kùn méjì, alájòókòó méjì, irú èyí tí orí rẹ̀ ń ká sẹ́yìn tí atẹ́gùn á máa fẹ́ sí èèyàn lára. Tuntun ló rà á ní 1996. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń gbé e jáde, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé Ayépé lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó parí.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Tíṣà wí nígbà tí Kàmọ́rù jókòó tán, "ojú ń dùn mí. Dókítà ní omi tó kún inú rẹ̀ ń fún iṣan tí mo fi ń ríran pa. Ó ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Owó ìfẹ̀yìntì ò lè gbé e. Ọkọ̀ bàbá ni mo fẹ́ tà. Bá mi wò ó. Iye tó o bá pè ni mo máa gbà, mi ò ní bi ẹlòmíì."

Kàmọ́rù wọ inú gáréèjì, ó ká tapólì kúrò. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i. Ó dúró, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ìpẹtà, kò sí àmì ìforígbárí. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu. Nínú pọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn, ó rí ìwé kékeré kan tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì sí, láti ọdún kìíní dé oṣù tó kú. Irú ọkọ̀ yìí, àwọn olówó Èkó tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń wá a lójú méjèèjì. Kò lè dín ní mílíọ̀nù mẹ́fà.

Kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ sọ sí Kàmọ́rù lọ́kàn o. Ọkọ̀ náà gan-an ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, gbogbo ọkọ̀ dáadáa tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ti ẹlòmíì ni. Èyí tó ń gùn, àjẹkù ọkọ̀ ni. Ó wo pupa yẹn, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé òun náà dàgbà tó ẹni tí í gùn ún.

Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣí orí rẹ̀. Kò dún. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fíúsì lásán. Ó padà sí pálọ̀, ó sì jókòó.

"Mà, ọkọ̀ ti dúró pẹ́ jù. Ẹ̀rọ tó ń ṣí orí rẹ̀ ti kú, irú rẹ̀ ò sí ní Nàìjíríà mọ́. Àwọn èèyàn ò ra ọkọ̀ tí kò ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́. Bí ẹ bá rí mílíọ̀nù kan àbọ̀, kí ẹ gbà á. Tó bá jẹ́ tèmi ni, mo lè rà á lọ́wọ́ yín, kó má baà di pé ẹ ń wá oníbàárà kiri."

Ìyá Tíṣà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olúwa á ṣe tìẹ náà. Mo ti mọ̀ pé o ò ní já mi kulẹ̀." Ó ṣàdúrà fún un, ó ṣe fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Kàmọ́rù ń ṣe àmín, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tó wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ fíúsì kan, ó fi òmíràn sí i, kò ná an ju owó búrẹ́dì kan lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì. Orí ọkọ̀ dìde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ká ara rẹ̀, ó sùn sẹ́yìn. Àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí hó yèè. Kàmọ́rù nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Títí dìgbà yẹn, ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ẹ̀rọ náà ti kú lóòótọ́.

Òun àti Rahmah, ìyàwó rẹ̀, gùn ún lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Gbogbo èèyàn ń juwọ́ sí wọn lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Rahmah bi í pé, "Èló lo ra nǹkan yìí?" Ó sọ fún un. Obìnrin náà mọ̀ pé owó yẹn kéré jù fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bó bá fẹ́ lọ sí ọjà, ọ̀kadà ló ń gùn. Kàmọ́rù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tapólì bo ọkọ̀. Bó bá wà lórí ìrun, tó bá forí kanlẹ̀, ohùn ìyá yẹn ló ń gbọ́: *o ò ní já mi kulẹ̀.*

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn tó ra ọkọ̀ ni Ìyá Tíṣà yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù láìròtẹ́lẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá náà gbé ọsàn wá fún Kàmọ́rù nínú àpò.

"Wọ́n ní wọ́n rí ẹ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí orí ọkọ̀ ṣí sílẹ̀!" ni ìyá náà wí tayọ̀tayọ̀. "O mà gbìyànjú o! Níbo lo ti wá rí ẹ̀rọ rẹ̀? Jọ̀ọ́, ṣí i kí n rí i. Ọjọ́ tí bàbá kọ́kọ́ fi gbé mi, ńṣe ni gèlè mi fò lọ."

Kí ni Kàmọ́rù ì bá ṣe? Ó ṣí i. Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ilẹ̀kùn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kàmọ́rù wá rí i pé ó ń yí gbogbo orí rẹ̀ kó tó rí ohun tó wà lápá òsì.

"Mà, iṣẹ́ abẹ ojú ńkọ́?"

"Ọpẹ́ ni. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún, ó dáa. Owó ò tó fún ti òsì, mo ní kí n máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ lóṣù tó kọjá, dókítà ní ó ti kú, kò sóhun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹyọ kan náà tó mi lọ, ọmọ mi. Ìwọ ṣá ti ṣe tìẹ."

Kàmọ́rù dúpẹ́ ọsàn. Ó sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀ èrò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó ti Rahmah níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti fíúsì, ti iye tó mọ̀ tí kò pè, ti ojú tó kú.

Rahmah ò pariwo. "Ẹni tó yọ́ ilẹ̀ dà, ohun abẹ́nú ni í yọ́ ọ ṣe," ló wí. "Èmi kọ́ ló yẹ kó o máa sọ ọ́ fún. Ta ọkọ̀ yẹn, kó o tó lọ. Má lọ lọ́wọ́ òfo."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George, tó máa ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Èkó, wá wò ó. Kàmọ́rù fi ìwé ọ́ìlì hàn án, ó fi gbogbo rẹ̀ hàn án. George san mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀, ó wà á lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni Kàmọ́rù kó mílíọ̀nù márùn-ún tó lé dé Ìbẹ̀fun.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ayọ̀mípọ̀sí ló kọ́kọ́ figbe ta. "O jí ojú ìyá mi! Ẹ gbà mí o, ó jí ojú ìyá mi!"

Ìyá Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, ọmọ rẹ̀ dákẹ́.

"Kàmọ́rù, ká ní o sọ pé o fẹ́ ọkọ̀ náà ńkọ́? Ká ní o bẹ̀ mí pé kí n máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ǹ bá gbà fún ọ."

"Mo mọ̀, mà."

"Nígbà náà kí ló dé?"

Kàmọ́rù wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Owó yìí, tèmi ni, mo gbà á," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Ọlọ́run á dárí jì ọ́. Tèmi ṣì jìnnà díẹ̀. Dìde, máa lọ."

Ó lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá, nítorí ó ti gbọ́ pé oṣooṣù ni ìyá náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n lè máa ṣọ́ ojú kan tó kù. Ó ní òun á máa gbé e lọ. Ayọ̀mípọ̀sí tì í síta. Oṣù kejì ó tún wá, wọn ò dá a lóhùn. Lóṣù kẹta, òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀ èrò, Ìyá Tíṣà jáde, ó sì wọ àjẹkù ọkọ̀ Kàmọ́rù.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé e lọ. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà, bó bá sì fẹ́ pè é, "Ọ̀gbẹ́ni Kàmọ́rù" ló ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò. Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, Kàmọ́rù á yára sọ̀ kalẹ̀, á sì bọ́ sí apá òsì rẹ̀, ibi tí kò ti ríran, á máa sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Àtẹ̀gùn kan rèé, mà. Ó ku méjì."